Ìlà Inú Ìkòkò

Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ òkú ṣe ayédèrú, ó yẹ kó kọ́kọ́ rántí ọwọ́ tí òkú náà fi ń ṣiṣẹ́.

Ọwọ́ òsì ni ìyàwó mi fi ń ṣe ohun gbogbo. Òun ló fi ń gé àlùbọ́sà, òun ló fi ń ránṣọ, òun náà ló sì fi ń mọ ìkòkò. Nígbà tí àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Òsì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn ò kúkú purọ́. A jọ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìmọkòkò kan náà láti ìgbà tí irun orí àwa méjèèjì ṣì dúdú títí ó fi kú. Èmi ni mo máa ń rẹ amọ̀ sínú àgbá omi, tí mo máa ń fi asẹ́ yọ òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀, tí mo máa ń tẹ́ ẹ sórí símẹ́ǹtì kí omi ara rẹ̀ lè fà, tí mo sì máa ń pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì títí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà màá gbé e fún un. Ohun tó bá fi ṣe kò kàn mí títí yóò fi gbẹ. Bó bá ti gbẹ, ó tún di tèmi: èmi ni mo ń tò ó sínú ìléru, èmi ni mo ń dáná sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin jẹ́ tèmi, àárín jẹ́ tirẹ̀. Inú àárín yẹn ni gbogbo ẹwà iṣẹ́ náà wà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn rẹ̀ rí.

Ẹsẹ̀ ló fi ń ta kẹ̀kẹ́ ìmọkòkò rẹ̀, àwo tí amọ̀ máa ń yí lórí rẹ̀. Gbogbo amọ̀kòkò yòókù tí mo mọ̀, ọ̀tún ni wọ́n ń lò, kẹ̀kẹ́ wọn sì máa ń yí lódì sí ọwọ́ aago. Tirẹ̀ máa ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí amọ̀kòkò bá sì ń fa amọ̀ sókè, ìka rẹ̀ máa ń fi ìlà kan sílẹ̀ nínú ìkòkò, ìlà tó ń lọ́ yípo láti ìdí títí dé ọrùn, lódì sí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń yí. Ìlà ti ìyàwó mi ń gba ọ̀nà òdì sí ti gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá dúró síta ń wo ìkòkò kò lè mọ̀. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí àwọn tó ń wá kí wa kú ọ̀fọ̀ dáwọ́ dúró, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń bá ìyàwó mi ta iṣẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní igun òpópónà, ó ní fèrèsé gíláàsì gbàràmù kan tí òòrùn máa ń gbà wọlé. Ó dúró tì wá dáadáa nígbà ìsìnkú náà, mi ò lè sọ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Bàbá! Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀,” ó ní, ó sì sáré fa àga fún mi. “Ẹ wá wo bí mo ṣe ṣe é fún wọn.”

Ó nawọ́ sí fèrèsé. Àwọn ìṣà kan wà níbẹ̀ lórí aṣọ funfun, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ń dán bíi gíláàsì lára wọn. Ó ti fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sára káàdì kan: IṢẸ́ ÌKẸYÌN ỌLỌ́WỌ́-ÒSÌ.

Mo dìde. Kò sí ohun tí ìyàwó mi mọ gbẹ̀yìn tí kò gba ọwọ́ mi wọ inú iná. Mi ò sì sun èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí.

“Ta ló kó wọn wá?”

“Ọmọ yín ni. Ó ní Màámi fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Àánú ṣe mí, Bàbá. Mo ní àwọn ni màá fi síwájú.”

Mo gbé ọ̀kan, mo yí i dojú délẹ̀. Òǹtẹ̀ ìyàwó mi wà ní ìdí rẹ̀, ewé kékeré tó fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ sára ègé amọ̀ tó fi ń tẹ̀ ẹ́, tó sì ní kí n bá òun sun kó le. Mo dá ìṣà náà dúró, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìka mi bá ìlà náà lọ, ó ń gòkè bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, bíi ti ẹni tó ń lo ọ̀tún. Mo gbé ọwọ́ padà sí ìdí rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀, bóyá ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ibì kan náà ló gbà.

“Òun kọ́ ló mọ èyí.”

“Bàbá, òǹtẹ̀ wọn mà wà nídìí ẹ̀.”

“Mo rí i.”

“Ó dáa, kí ló wá kù?”

“Inú rẹ̀ ló kù.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ta ló ń wo inú ìkòkò, Bàbá?”

“Èmi.”

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó wá ń fohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Ó ní kí n lọ sùn díẹ̀, pé ọ̀fọ̀ máa ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Mo ti fi ọ̀fọ̀ ṣe oúnjẹ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e jáde nílé, mo mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ohun tó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe òun. Èèyàn fi ọwọ́ ọ̀tún mọ ìkòkò, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó pè é ní ti Ọlọ́wọ́-Òsì, gbogbo ìgboro sì ń kọjá, wọ́n ń kí i pé ó kú iṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí ni wọn ì bá tún ṣe?

Ilé ni mo kọrí sí, mi ò yà síbì kankan.

Ilé ìmọkòkò wa wà lẹ́yìn ilé. Bí èèyàn bá wọlé, pákó tí a ń to ìkòkò tútù sí ló kọ́kọ́ máa rí, lẹ́yìn rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ti ìyàwó mi lẹ́bàá fèrèsé, ti àkọ́bí wa lẹ́bàá ògiri. Àǹtí, àbúrò ìyàwó mi tó ń bá wa kun ọ̀dà, jókòó sórí àpótí, ó ń ro ọ̀dà nínú ike. Àkọ́bí wa wà lórí kẹ̀kẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n to àwọn ìkòkò gíga kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mi ní ìbàdí, wọ́n ti gbẹ, wọ́n funfun, wọ́n ń retí iná. Mo ti ń rí wọn bí mo ṣe ń kọjá. Mo rò pé ọmọ náà ń fi iṣẹ́ pa ìbànújẹ́ ni.

Mo dẹ ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ìdí rẹ̀. Ewé kékeré náà ń wò mí.

“Ta ló tẹ òǹtẹ̀ ìyá rẹ sí ìdí ìkòkò yìí?”

Kò gbójú sókè. Kẹ̀kẹ́ ṣì ń yí. “Èmi ni, Bàbá.”

“Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?”

“Èmi náà ni. Mo gbé wọn lọ sun ní ilé ìmọkòkò tó wà lódìkejì ìlú, nígbà tẹ́ ẹ wà nínú yàrá tí ẹ ò jáde. Ìléru wọn kéré, àwọn gíga yìí ò lè wọ̀ ọ́.”

“O wá tọ́jú àwọn gíga de èmi. Kí èmi bàbá rẹ fi ọwọ́ ara mi sun irọ́ náà jinná.”

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́,” Àǹtí ní, “ẹ jókòó ná. Ojú yín ti pọ́n ju ìléru lọ.”

“Ìwọ náà mọ̀ sí i?”

“Èmi? Ọ̀dà lèmi ń kùn. Ibo ni wọ́n ti ń bi ọ̀dà léèrè ọ̀rọ̀?”

“Ọ̀dà ò lẹ́nu. Ìwọ lẹ́nu, gbogbo àdúgbò ló mọ̀.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Àkọ́bí wa fi ẹsẹ̀ dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó fi wáyà gé ìkòkò tó ń mọ kúrò lórí rẹ̀, ó rún un mọ́ra, ó jù ú sínú àgbá. Ó wá nawọ́ sókè.

“Ẹ wo orí pákó òkè yẹn, Bàbá. Ẹ rí àwọn tí eruku bò? Àmì tèmi ló wà nídìí wọn. Kí Màámi tó dùbúlẹ̀ àìsàn ni mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbẹ́ ìgbálẹ̀ ni Màdámù gbé wọn sí. Ẹ̀gbẹ́ ìgbálẹ̀, Bàbá! Ó tún ránṣẹ́ pé kí n wá kó wọn, pé wọ́n ń dí òun lọ́nà. Mo wá fi ọwọ́ kan náà mọ òmíràn. Amọ̀ kan náà ni, amọ̀ tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín pò. Mo tẹ òǹtẹ̀ Màámi sí i. Aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ fún un! Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní kí Màdámù bá àwọn wá àwọn gíga tí Màámi mọ sílẹ̀, wọ́n máa tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló yí padà lára ìkòkò náà?”

“Orúkọ ló yí padà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́. Orúkọ ni wọ́n ń rà.”

“Orúkọ ta ni?”

Ó fa àkísà, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀.

“Mo ní orúkọ ta ni?”

“Ìyá mi ni,” ó pariwo. “Kì í ṣe ìyá ẹlòmíì! Màámi ò ní bínú sí mi.”

“Kò lè bínú mọ́. Èmi ló kù tí inú máa bí dípò rẹ̀.”

Àǹtí gbé ike ọ̀dà sílẹ̀. “Ó máa bínú,” ó ní, kò sì fi ṣe àwàdà. “Má tan ara rẹ, ọmọ mi. Nígbà kan mo mọ ife kan, ife tó rẹwà, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n mi bá mi tẹ òǹtẹ̀ wọn sí i kí n rí i fún ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n wò mí báyìí. Wọ́n ní, ‘O fẹ́ kí n máa jẹ́ ìyá fún ọmọ tí mi ò bí?’ Èmi àbúrò wọn, tá a jọ mu ọmú kan náà! Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.”

“Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń bá mi kùn ún.”

“Mi ò sọ,” Àǹtí ní. “Mo fẹ́ rí òǹtẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i ni.”

Mi ò jókòó. Mo ní tèmi ò gùn: mi ò ní dáná sí ohunkóhun tó bá ní òǹtẹ̀ yẹn nídìí, ìbáà jẹ́ ọba ló rán wọn.

“Màá dáná sí i fúnra mi.”

“Ìléru nìyẹn.”

Ó jáde. A gbọ́ tó ń kó bíríkì ẹnu ìléru sọ́tọ̀, tó ń da igi sílẹ̀ gbì, gbì. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ débi tó dé. Ṣùgbọ́n kò mọ iná. Ìkòkò tó gbẹ lójú ṣì ní omi nínú egungun rẹ̀, iná jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ omi náà kó jáde. Bí iná bá yá, omi yóò wá ọ̀nà tirẹ̀, yóò sì fọ́ ìkòkò yángá-yángá. Ó mọ ewu yẹn náà. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ bíríkì mọ́.

Mo dúró lẹ́bàá ìkòkò tó ga jù. Mo ki apá bọ inú rẹ̀ títí èjìká mi fi kan ẹnu rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò mú ara rẹ̀ láti inú, mo fi ọwọ́ kejì mú un láti ìta, mo ń wọ́ ọwọ́ méjèèjì bọ̀ lókè. Mò ń wá ibi tó ti nípọn jù, mò ń wá ibi tí ọwọ́ ọmọ mi ti gbọ̀n. Mo fẹ́ rí i gan-an. Kò sí. Láti ìdí dé ọrùn, bákan náà ló ṣe fẹ́lẹ́. Kò sí amọ̀kòkò láyìíká wa, lẹ́yìn ẹni tí mo sin, tó lè fa amọ̀ mi dé ibi gíga yẹn kó má yẹ̀.

Inú wá bí mi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Mo pè é wọlé. Igi ti fá a lọ́wọ́.

“Ìkòkò yìí dára,” mo ní.

Ó ń wò mí.

“Bí ó bá jẹ́ jákujàku ni, ǹ bá ní ebi ló ń pa ọ́, o ò mọ iṣẹ́, o lọ fara pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìyá rẹ. Ó dára. Kò sí ohun tí mo lè bù kúrò lára rẹ̀. O wá mú iṣẹ́ tó dára, o lọ fi ṣe olè.”

“Ẹ̀yin ń bínú torí pé ó dára?”

“Ìdí tí mo fi ń bínú gan-an nìyẹn.”

Àǹtí ti yíjú sí ògiri. Ọmọ náà ki ọwọ́ sí àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ òǹtẹ̀ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná, ó ti wà lára rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ àti fóòmù tó tutù díẹ̀, ó dojú àwọn ìkòkò gíga náà délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tìmùtìmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ewé náà kúrò. Eruku amọ̀ bo irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí ìdí wọn jọ̀lọ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti amọ̀ pupa olómi kọ àmì tirẹ̀ sí i, ìlà méjì tó pàdé lókè. Mo jókòó sórí àga ìyá rẹ̀, mo rí i pé kò fo ọ̀kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kó tì kẹ̀kẹ́ akẹ́rù jáde, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn yẹn lọ. Wọ́n ti sun wọ́n, wọ́n ti kùn wọ́n.”

“Tì í.”

Màdámù rí wa, ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti débẹ̀. “Bàbá, ẹ tún ti dé.”

“Kó àwọn ìṣà náà fún wa.”

“Àwọn èèyàn ti ra lára wọn.”

“Lọ sọ ẹni tó mọ wọ́n fún wọn.”

“Kí n máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kiri? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di aláwàdà. Inú àwọn èèyàn dùn. Wọ́n fẹ́ràn Màámi. Ta ni ọ̀rọ̀ yìí ń pa lára?”

“Obìnrin kan tí kò lè dìde wá sọ pé òun kọ́.”

Ó kọjú sí ọmọ mi. “Ìwọ náà, o ya odi ni? Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún mi pé tiwọn ni?”

“Mo purọ́, Màdámù,” ó ní. “Èmi ni mo mọ wọ́n. Àwọn ti òtẹ́ẹ̀lì náà, èmi ni. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ Ọlọ́wọ́-Òsì ló ṣe é, ọ̀tún lòun ń lò.”

“Ọ̀tún!” Ó pòṣé. “Ta ló mọ ọ̀tún ẹ? Ọlọ́wọ́-Òsì ni wọ́n ní kí n wá fún wọn. Wọn ò ní gbà á, èmi náà ò sì ní bá wọn fà á.”

Mo rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ọmọ mi lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìṣà náà, ó ń fi àpò wé wọn. Màdámù mú káàdì náà, ó fẹ́ tì í sábẹ́ kọ́ńtà. Mo na ọwọ́ sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fún mi. Mo fà á ya lójú rẹ̀, mo kó èérún rẹ̀ sápò, nítorí pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́, mi ò sì wá ṣe ìjàngbọ̀n.

Àwọn tó ti lọ ti lọ. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n wà nínú pálọ̀ àwọn tí mi ò mọ̀, wọ́n ń fi wọ́n han àlejò, wọ́n ń sọ pé, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin náà.

Nígbà tí a délé, a gbé àwọn ìṣà náà kalẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tí mo ń tẹ́ amọ̀ sí. Iná ti kan wọ́n, kò sí ọ̀bẹ tó lè ha òǹtẹ̀ kúrò nídìí wọn mọ́. Mo mú òòlù. Ọmọ mi gbà á lọ́wọ́ mi.

“Èmi ni mo mọ wọ́n,” ó ní.

Ó fọ́ wọn. Àǹtí sọ pé òun ò lè wò ó, ṣùgbọ́n ó dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ọmọ náà jókòó, ó ń fi òòlù lu àpáàdì náà kúnná, ó ń sẹ́ ẹ, kí a lè pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, nítorí pé èérún bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ìkòkò ńlá sán nínú iná. Ó dùn ún. Mo fẹ́ kó dùn ún. Ó dun èmi náà.

Nígbà tó ṣe tán, mo lọ síta, mo to bíríkì ẹnu ìléru náà bó ṣe yẹ kó wà, mo ṣa igi tútù kúrò láàárín èyí tó dà sílẹ̀ lánàá.

“Bàbá,” ó ní lẹ́yìn mi, “òtẹ́ẹ̀lì ò gbà á. Màdámù ò gbà á. Ta ló máa rà á?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ máa wá sun ún bẹ́ẹ̀?”

“Gbé èyí tó ga jù wá,” mo ní. “Ìdí rẹ̀ ni kó o dì mú, má fi ẹnu rẹ̀ gbé e.”

Ó wọlé lọ gbé e.